Ère Inú Ilé: Ta Ló Yẹ Kó Ra Iṣẹ́ Agbẹ́gilére?

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀ olówó nílẹ̀ Yorùbá lónìí, kò ní ṣàì rí ère. Kìnnìún oníṣìmẹ́ǹtì méjì lè wà lẹ́nu géètì, ẹṣin aláwọ̀ wúrà lórí tábìlì, ọmọge òyìnbó onítánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lókè òkun, ọkọ̀ ojú omi ló sì kó wọn wá. Ṣùgbọ́n bí onílé bá gbé ère obìnrin tó pọnmọ, tí agbẹ́gilére fi igi apá gbẹ́, sínú pálọ̀ kan náà, àlejò yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan nínú èyí?" Ìbéèrè kékeré yìí wà lára ohun tó ń pa iṣẹ́ ọnà Yorùbá.

Ìbẹ̀rù náà kò tilẹ̀ bá ohun tí àwọn baba ńlá mọ̀ mu. Lójú wọn, ọwọ́ agbẹ́gilére nìkan kò lè sọ igi di òrìṣà. Bí wọ́n bá gbẹ́ ère ìbejì fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ètùtù tí wọ́n ṣe sí i, omi tí ìyá fi ń wẹ̀ ẹ́, oúnjẹ tó ń bù fún un àti aṣọ tó ń wọ̀ fún un ló sọ ọ́ di ohun ọ̀wọ̀. Ère tí kò gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọnà ni. Kì í sì í ṣe ojúbọ nìkan ni iṣẹ́ agbẹ́gilére ń gbé. Òpó ààfin tí wọ́n gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin sí, ilẹ̀kùn ọba, ọpọ́n ayò ìjòyè, ẹ̀yẹ ilé ni gbogbo wọn.

Àwọn tó ń fi ẹ̀sìn kọ ère sílẹ̀ yẹ kí wọ́n rántí Lámídì Fákẹ́yẹ. Mùsùlùmí ni. Wọ́n bí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1928, sínú ìdílé agbẹ́gilére. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà nínú Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tó ti jẹ́ olùkọ́. Ní Ọyẹ́-Èkìtì ló ti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògún. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ló dá ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1947, Fadá Kevin Carroll sì wà lára àwọn tó ń mójú tó o. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ojú àti ìmúra Yorùbá. Ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò bá gbà kí ère kankan wọlé òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó fi àyè gba kìnnìún ilẹ̀ òkèèrè, tó wá ń sá fún ìyá ọlọ́mọ tí ará Èkìtì gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀sìn ló ń dá a dúró. Ojú tó fi ń wo ohun tirẹ̀ ni.

Àwọn àjèjì kò fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Olówè, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò gbà láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀. Lónìí, orúkọ Olówè ń dún káàkiri àgbáyé. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìtẹ́ náà?

Èyí kò wí pé kí olówó máa wá ère àtijọ́ kiri. Òfin Nàìjíríà ti 1979 ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tó ti wà ṣáájú 1918, àti èyí tí wọ́n ti lò fún ètò ìṣẹ̀ǹbáyé rí, mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń ra ère tí wọ́n jí ní ojúbọ, olè ló ń bọ́. Iṣẹ́ agbẹ́gilére tó wà láàyè ni kí ó rà. Kí ó lọ síbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń fi àáké lé ọnà, tí wọ́n ń tún un lé, tí wọ́n ń dán an, kí ọ̀bẹ tó wá fín ojú, ilà àti irun. Kí ó yí ère náà padà, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ojú ayé ti máa ń tú. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ìlú rẹ̀ àti ọdún sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè ni kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, torí pé àwọn tó kó wọn lọ kò béèrè. Bí ère bá délé, kí ó jìnnà sí oòrùn àti ilẹ̀ tútù, kí ojú sì wà lára rẹ̀ nítorí ikán.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ra ẹṣin wúrà, owó náà ni. Ọmọọba Yẹmisí Shyllon bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan nínú ohun tó kó jọ ló fi ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ, mùsíọ́mù ibẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn ní 2019. Kò di dandan kí ẹlòmíràn ní ẹgbẹ̀rún. Ère kan ṣoṣo nínú pálọ̀ tó fún ọmọ agbẹ́gilére ní ìdí láti mú àáké baba rẹ̀.

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí àwọn tó ni igi bá kọ igi sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ráhùn lọ́la bí àwọn ọmọ wọn bá ní láti gba físà kí wọ́n tó rí ojú baba ńlá wọn.