Ogún Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun Fi Sílẹ̀
Bí ìyá àgbà bá bi ọmọ tó bí léèrè pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?", ẹ má pè é lájẹ̀ẹ́. Ó lè jẹ́ àìsàn ìgbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹsí, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ tó dolóògbé ní 1995, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí àìsàn náà ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Àbọ̀ tó jáde ní 2001 fi hàn pé àìsàn ìgbàgbé Alzheimer ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún àgbà lọ́dún n'Íbàdàn. Ó ju méjì lọ láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ará Kalambaina ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Kware. Bí àgbà yín bá ń gbàgbé báyìí, ẹ tètè gbé e lọ síbẹ̀.