Ẹni tí ó ṣa ìgbìmọ̀ ni ó dá ẹjọ́

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú ìlú, àwọn kan ń wí pé àbùkù ńlá ni fún ilé ẹjọ́ bí ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá, tí à ń pè ní júrì, bá tú ká láìfohùnṣọ̀kan lórí ọ̀ràn ìpànìyàn. Wọ́n ní kí ohùn ọ̀pọ̀ tó láti dá ẹ̀bi. A kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ tí ó ṣa ìgbìmọ̀ ni kí a yẹ̀ wò, àti adájọ́ tí ó ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ẹlẹ́rìí wa.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1963, a yìnbọn pa Medgar Evers níwájú ilé rẹ̀ ní ìlú Jackson. Aṣojú ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, ni í ṣe. A rí ìbọn náà nítòsí, àmì ìka ọwọ́ Byron De La Beckwith sì wà lára awò orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé Beckwith lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1964. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ìgbìmọ̀ tú ká láìfohùnṣọ̀kan. Ta ni àwọn ìgbìmọ̀ náà? Ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni a ti ń ṣà wọ́n, a sì ti fi ẹ̀tàn àti ìdẹ́rùbà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú kúrò nínú ìwé náà. Ross Barnett, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè gómìnà, wọ ilé ẹjọ́, ó sì bọ Beckwith lọ́wọ́ ní gbangba. Nígbà ẹjọ́ kejì, àjọ kan ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń bá àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ wádìí ìdí àwọn tí a fẹ́ ṣà. Aáyán ha lè jàre láàrin adìẹ bí? Myrlie, opó Evers, kò dákẹ́. Ní 1994, ìgbìmọ̀ tí ènìyàn dúdú 8 àti funfun 4 jókòó sí dá Beckwith lẹ́bi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Ẹ má tíì sọ pé àìfohùnṣọ̀kan ni ó gba ọ̀daràn là. Ní Mississippi yìí kan náà, a fi ẹ̀sùn kan Curtis Flowers, ènìyàn dúdú, pé ó pa ènìyàn 4 ní ìlú Winona ní 1996. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni agbẹjọ́rò ìjọba kan náà pè é lẹ́jọ́, nínú ènìyàn dúdú 42 tí ó ní agbára láti yọ kúrò nínú ìgbìmọ̀, ó yọ 41. Ní 2007 àti 2008, ìgbìmọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 2008 náà, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀, ènìyàn dúdú, kọ̀ láti dá ẹ̀bi. Kí ni adájọ́ ṣe? Ó pè é ní òpùrọ́ ní gbangba, ó sì ní kí a mú un! A fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀ níkẹyìn. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ Flowers ní 2019. A sì pa ẹ̀sùn rẹ̀ rẹ́ ní 2020. Bí ohùn ọ̀pọ̀ bá tó ni, kí ni ohùn ẹnìkan yẹn ì bá ṣe?

Ìpínlẹ̀ Louisiana ti dán ìmọ̀ràn wọn wò. Ní 1898, wọ́n fi í sínú òfin pé ohùn 9 nínú 12 tó, kí ohùn ènìyàn dúdú kan tàbí méjì tí ó bá bọ́ sínú ìgbìmọ̀ má baà já mọ́ nǹkan. Ní 2020 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fòpin sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun ìjà àtijọ́ yìí ni àwọn alámọ̀ràn wa ń gbé lárugẹ!

Ní ilé ẹjọ́ gíga ti ilẹ̀ wa lónìí, adájọ́ nìkan ni ń dá ẹjọ́; kò sí ẹni méjìlá tí yóò wí pé rárá fún un. Nítorí náà, kí aráàlú béèrè bí a ṣe ń yan adájọ́. Ẹ̀yin olóyè pẹ̀lú, ẹni tí ó bá jẹ́ ìbátan ẹlẹ́jọ́, kí ó dìde kúrò lórí ìjókòó. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.