Orí Búrọ́ọ̀ṣì Ni Èrè Wà

Oníṣòwò tó mọṣẹ́ kì í wo iye tí wọ́n pe ọjà nìkan kó tó rà á. Á ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, á ro èyí tó lè bàjẹ́ lọ́nà, á sì ro iye ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò fi há sórí àtẹ. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló gbé àwọn ará Èjìgbò, Ìníṣà àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Côte d'Ivoire, tí a fi ń bá Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, nídìí ìsọ̀ láti Abidjan títí dé Bouaké. Síbẹ̀, bí àwa kan náà bá di oníbàárà, a máa ń gbàgbé ìṣirò yìí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníná ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Inú ẹrù àwọn ọmọ tó ń ti Paris àti London bọ̀ ló ń gbà wọlé wa, àwọn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu sì ti ń béèrè èwo ló yẹ káwọn rà.

Ọjà náà ti pẹ́ láyé. Ní Switzerland ni Philippe-Guy Woog ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Broxodent ní 1954, ilé iṣẹ́ Squibb sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èrè rẹ̀ wà, ìtàn abẹ ìfárùngbọ̀n ni kó lọ wò. Ní 1903 ni Gillette bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí a ń pààrọ̀ abẹ rẹ̀. Ẹni tó ra igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni yóò máa padà wá ra abẹ. Ní 1967, Gillette gba Braun ti Jámánì sọ́wọ́; ní 1984, ó ra Oral-B tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín; ní 2005, Procter & Gamble wá ra Gillette fúnra rẹ̀. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí a ṣe ń jèrè lórí abẹ ni búrọ́ọ̀ṣì oníná bọ́ sí lọ́wọ́. Philips, tó ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì oníná Sonicare ní 2000, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Orí ti ọ̀kan kò sì wọ igi ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Kí kálukú fi iye tó bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká ní igi náà pẹ̀lú orí kan jẹ́ 25,000 sééfà, tí orí kọ̀ọ̀kan tí a óò máa rà lẹ́yìn náà sì jẹ́ 3,000. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń pààrọ̀ orí, ìyẹn mẹ́rin lọ́dún. Láàárín ọdún mẹ́ta, a óò ra orí mọ́kànlá mọ́ ti àkọ́kọ́, owó wọn á jẹ́ 33,000. Owó orí ti ju owó igi lọ nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti di 58,000. Ẹ fi wé owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Côte d'Ivoire láti oṣù kìíní 2023, ìyẹn 75,000. Bí búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ lásán bá jẹ́ 500, méjìlá rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta náà kò ju 6,000 lọ. Ilé tó bá ní èèyàn márùn-ún lè jùmọ̀ lo igi kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jùmọ̀ lo orí. Orí ogún lọ́dún ni wọn óò rà, ìyẹn 60,000.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ti ń ná owó. Láti 1999 ni wọ́n ti so sééfà mọ́ owó Yúróòpù: 655.957 fún yúrò kan. Ẹni tó wà ní Bouaké lè fojú díwọ̀n ohun tí orí búrọ́ọ̀ṣì láti Jámánì yóò ná an lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Èjìgbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀, iye ọjà òkèèrè kò dúró lójú kan mọ́. Àmọ́ kí ará Bouaké má ṣe sùn lọ. Àwọn àgbà kò gbàgbé oṣù kìíní 1994, nígbà tí wọ́n já sééfà sí ìdajì lóòjọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí a ń fi 50 rà lọ́wọ́ Faransé di 100. Ohun tí a óò máa ti òkèèrè rà títí ayé, ewu owó ilẹ̀ òkèèrè ń bẹ nínú rẹ̀.

Kí wá ni owó náà ń rà fún wa? Ní 2014, Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 56 jọ. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì oníná fi nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún dín ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín kù ju ti ọlọ́wọ́ lọ, ó sì fi ìdá 11 dín wíwú erìgì kù. Àǹfààní gidi ni. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó kù díẹ̀ kò fi dandan jẹ́ pé eyín kò ní kẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ló ń dáàbò bo eyín lọ́wọ́ kíkẹ̀, èyí ló sì mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2021. Àjọ yìí kan náà kò kọ orín tí à ń rún láàárọ̀. Ní 1986, ó gba àwọn tó jẹ́ àṣà wọn níyànjú láti máa lò ó. Ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú méjì fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ tó dára, tó ń fi orín rẹ̀ kún un, kò ṣe aláìní.

Àwọn kan wà tí mo lè sọ fún pé kí wọ́n rà á láìṣiyèméjì: àgbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti le, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá, àti ẹni tó ń bá aláìsàn fọ ẹnu. Fún irú wọn, ẹ̀rọ yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣe mọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọn óò ti máa rí orí rẹ̀ rà ní Bouaké, kí wọ́n tó béèrè iye tí igi jẹ́. Kí wọ́n ka ohun tí a kọ sára ohun tí a fi ń gba iná sí i: 220 volt ni iná tiwa, ti Amẹ́ríkà sì lè jẹ́ 110 péré, a jẹ́ pé yóò jóná. Kí wọ́n mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọ́n ti dí bátìrì pa. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni igi náà kú. Ohun tó yẹ ká fi owó kún owó nítorí rẹ̀ kò ju méjì lọ: agogo tó ń ka ìṣẹ́jú méjì, àti èyí tó ń kìlọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ erìgì jù. Bluetooth tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ kò fọ eyín kankan.

Fún àwa yòókù, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, ẹ̀bùn tí yóò máa ná ìyá yín lówó, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ ro ìnáwó rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ ra orí ọdún méjì mọ́ ọn. Bí agbára yín kò bá ká a, ẹ fi owó igi náà ránṣẹ́ kí ìyá fi lọ rí dókítà eyín, nítorí kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dí ihò eyín tó ti kẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó.