Oṣù Kìn-ín-ní Gùn Lójú Òṣìṣẹ́
Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ò tíì yá lẹ́yìn ọdún ní ọ̀lẹ. Ní Èkó, ẹni tó ń gbé Ìpájà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ti ń du ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó oṣù Kejìlá tí ẹ tètè san nítorí Kérésì ti bá ọdún lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, Èkó kéde ₦85,000. Ta ni ìyẹn máa gbé dé ìparí oṣù Kìn-ín-ní? Ọ̀rọ̀ ìyànjú nínú ìpàdé òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé nìkan ò lè ta àwọn òṣìṣẹ́ jí. Ẹ san ìdajì owó oṣù láàárín oṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé ní aago mẹ́wàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ọ̀gá jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó bi í pé, “Ẹ kú ọdún o, ilé ńkọ́? Kí ló ń wúwo lọ́rùn yín?” kó sì gbọ́ ọ tán, kó tó ka iṣẹ́ ọdún tuntun sí i létí. Èyí tó ń dùn mí jù ni bí àwọn ọ̀gá kan ṣe ń gé owó ẹni tó pẹ́ dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá síbi iṣẹ́ lọ́la ni wọ́n ń gé.