Náírà Àtijọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí

Ẹni tó bá ń palẹ̀ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́ ní Ìsọlọ̀ lè bá náírà kan ọdún 1979 pàdé nínú Bíbélì, èyí tó ní àwòrán Herbert Macaulay. Ààtàn ni wọ́n sábà máa ń jù ú sí.

Wọ́n á ní kò lè ra gúgúrú mọ́. Òótọ́ ni, láti 1991 ló ti di owó onírin. Ṣùgbọ́n ará Òṣòdì tó ń lọ òde àríyá ṣe tán láti fowó ra owó tuntun, bẹ́ẹ̀ òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka títa náírà léèwọ̀!

Ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ti àtijọ́ sínú ọ̀rá tó mọ́, kí wọ́n má ká a. Ojú kíká kan péré ń já iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkójọ. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi ń lẹ ibi tó ya ló burú jù: gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sára bébà.