Àjò Máàsì àti Ọ̀nà Àbọ̀

Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, tí nǹkan ti ṣẹnuure fún níbẹ̀, tí ó sì ń gbàgbé ibi tí ó ti wá, ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n òye inú rẹ̀ gbòòrò ju ìkìlọ̀ lọ, nítorí pé ó ka àbọ̀ mọ́ ara àjò, débi pé ẹni tí ó lọ tí kò padà kò tíì parí ìrìn rẹ̀. Nínú ètò àtirán ènìyàn lọ sí Máàsì, ọ̀kan nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ayé tí ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí tiwa, ibi àbọ̀ yìí gan-an ni ìṣòro sodo sí.

Àlọ kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ̀rọ Viking ti Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ sí Máàsì láti ọdún 1976, Curiosity débẹ̀ ní 2012, Perseverance sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì ọdún 2021, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń retí pé kí ó padà nínú wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kì í ṣe onílé: kò ní aya, kò ní ọmọ, ibi tí iṣẹ́ bá parí sí ni yóò wà. Ti ènìyàn yàtọ̀. Nígbà tí John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde ní 1961 pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò gbé ènìyàn dé Òṣùpá, ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé wọn yóò mú un padà ní àlàáfíà, gbogbo àwọn 12 tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ Òṣùpá láàárín 1969 sí 1972 ni wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ìrìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni Òṣùpá. Nígbà tí àgbá ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ń mú ènìyàn wà láàyè, bú gbàù nínú ọkọ̀ Apollo 13 ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ yípo Òṣùpá, wọ́n sì ti délé kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé.

Ọ̀nà Máàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn òun àti ayé yí oòrùn ká kò yá bákan náà, nítorí náà nǹkan bí oṣù 26 síra ni wọ́n máa ń bọ́ sí ipò tí ọkọ̀ fi lè ti orí ọ̀kan dé èkejì láìjẹ epo tí apá kò ká. Ẹni tí ó bá lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà yóò tún dúró lọ́hùn-ún ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà àbọ̀ tó ṣí, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Bí àìsàn bá kì í mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí yóò gbé e wálé. Egungun pàápàá kò dúró de àbọ̀, torí pé àwọn tí ń gbé ibùdó òfurufú, níbi tí ara kì í ti í wúwo, lè pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún egungun ìbàdí wọn lóṣooṣù. Onílé lè délé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má lè gbé e wọlé.

Èyí tí ó le jù ni gbígbéra kúrò níbẹ̀. NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀ràn òfurufú, ṣírò rẹ̀ pé kí ènìyàn mẹ́rin tó lè gbéra lórí ilẹ̀ Máàsì, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn yóò nílò nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méje epo àti tọ́ọ̀nù 25 ọ́síjìn tí yóò máa jó epo náà. Nítorí pé kò rọrùn láti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ayé, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan, MOXIE, sínú Perseverance láti fa ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́ Máàsì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, irú èyí tí ènìyàn ń mí síta. Ó ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìyanu sì ni. Àmọ́ gíráàmù 122 ni gbogbo ohun tí ó rí ṣe láti 2021 dé 2023.

Àwọn kan gbìyànjú láti yẹ òwe náà sílẹ̀. Mars One, ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands, polówó àjò tí kò ní àbọ̀, ó sì rí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2019 ó wọko gbèsè láìrán ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá yọ àbọ̀ kúrò dín owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ onítọ̀hún di gbèsè tí a óò máa san títí ayé rẹ̀.

Òkúta kì í jẹun, kì í ṣàìsàn. Síbẹ̀, àwọn ègé òkúta tí Perseverance ti ń kó sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti 2021 kò tíì kúrò ní Máàsì, nítorí pé ìṣirò owó àtigbé wọn wálé ti tó bílíọ̀nù 11 dọ́là ní 2024, tí NASA fúnra rẹ̀ fi sọ pé ó ti wọ́n jù, tí ó sì ní kí a wá ọ̀nà mìíràn.