Ìyá Olóúnjẹ Ẹ̀bá Ọ̀nà

Bí ẹ bá bi àgbà awakọ̀ akẹ́rù léèrè ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Èkó gba Ìkòròdú àti Ṣágámù lọ sí Ìbàdàn, ìyá olóúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Obìnrin náà a máa tà á láwìn, a máa bá a tọ́jú owó, a sì máa jíṣẹ́ fún awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ọ̀nà ti bàjẹ́ níwájú. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ ní 1978, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yà lọ. Ọbẹ̀ tutù sí ìkòkò. Àwa onímọ̀ ti kọ̀wé lórí àkọlé ara ọkọ̀. Ẹni tí ó bọ́ awakọ̀ ńkọ́? Àwọn tí ó jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀ láyé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.